Wọ́n ní Texas gbà mí láàyè láti ní ìbọn, ṣé kí n rà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Houston ni mò ń gbé, ó ti pẹ́ tí mo ti di sìtísìn. Ní 2011 wọ́n mú mi lórí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì, mi ò ní purọ́ fún yín, mo fi orúkọ olórúkọ sáìn in, nǹkan le fún mi nígbà yẹn. Adájọ́ ò rán mi lẹ́wọ̀n, probation ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún mi, ìyẹn ni pé kí n máa gbé nílé kí wọ́n máa ṣọ́ mi, mo san gbogbo owó padà, mi ò dẹ̀ tún rí ẹjọ́ kankan látìgbà náà. Ní báyìí mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń tì í, àwọn olè dẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi ní tó bá ti pé ọdún márùn-ún, Texas gbà kéèyàn ní ìbọn padà, ó ṣe tán mo ti ń dìbò. Ìyàwó mi ní òun á rà á lórúkọ òun, kó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Kí lẹ rí sí i?
Bàbá Tóbi, Houston

ÌDÁHÙN

Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ìyàwó yín dá owó ìbọn yẹn padà sí báǹkì ná.

Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́ o, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ fún yín, eléyìí ò dẹ̀ ní di odindi tó bá dénú yín. Lóòótọ́ ni òfin Texas sọ pé tó bá ti pé ọdún márùn-ún tẹ́ ẹ kúrò lẹ́wọ̀n tàbí tẹ́ ẹ parí probation, ẹ lè ní ìbọn, ṣùgbọ́n inú ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé nìkan ni. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ń wá ìbọn gan-an ò sí níbẹ̀.

Èyí tó burú ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968 ò bá Texas dá sí i. Ẹnikẹ́ni tí kóòtù bá dá lẹ́bi ẹ̀sùn tó lè gbé èèyàn lọ ẹ̀wọ̀n ju ọdún kan lọ, kò gbọdọ̀ ní ìbọn, kò gbọdọ̀ ní ọta, títí ayé. Kì í ṣe iye tí adájọ́ fún yín ni wọ́n ń wò o, iye tó lè fún yín ni. Irú ẹjọ́ ṣẹ́ẹ̀kì yín lè gba ọdún méjì ní Texas, ìyẹn ni pé probation ò yọ yín. Tí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ nísìn, ó lè tó ọdún 15. Ìbò tẹ́ ẹ̀ ń dì yẹn, ọ̀tọ̀ ni, Texas máa ń dá ìyẹn padà téèyàn bá ti parí ìyà ẹ̀.

Ti ìyàwó yín ńkọ́? Obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn tiẹ̀. Àmọ́ tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ tọ́wọ́ yín tó, wọ́n lè sọ pé ọwọ́ yín ló wà, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti fọwọ́ kàn án. Àfi kó wà nínú séèfù tí ẹ̀yin ò mọ nọ́ńbà ẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fún un níbi tí wọ́n ti ń tà á dẹ̀ máa bi í bóyá òun gan-an ló ń rà á fún ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ tiyín ló ń rà tó wá mú bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ di ọ̀daràn nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà ní Pennsylvania, Bryan Range lorúkọ ẹ̀, ní 1995 ó purọ́ owó tó ń wọlé fún wọn kó lè gba food stamps, ìrànwọ́ oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní, dọ́là 2,458. Probation ọdún mẹ́ta lòun náà gbà, bíi tiyín. Ìyàwó ẹ̀ ra ìbọn ọdẹ fún un, ìgbà tó wá mọ̀ pé òfin de òun, ó tà á, ó gba kóòtù lọ. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Philadelphia dá a láre ní 2023, wọ́n tún dá a láre ní December 2024. Èmi ò rí ohun tó burú ńbẹ̀, ẹni tó purọ́ torí oúnjẹ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ibo ló ti jọ adigunjalè? Àmọ́ ìdájọ́ yẹn ò dé Houston. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń ṣàkóso Texas gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan tó ti jí mọ́tò rí, Diaz, ní 2024 kan náà, wọ́n ní láyé àtijọ́, pípa ni wọ́n máa ń pa ẹni tó bá jí ẹṣin, kí ló wá dé tí wọn ò ní lè gba ìbọn lọ́wọ́ olè mọ́tò. Irú àwọn tẹ́ ẹ máa bá nìyẹn.

Ọ̀nà míì wà, àmọ́ ó jìn. Gómìnà Texas lè dárí jì yín tí Board of Pardons and Paroles, ìgbìmọ̀ tó ń gba ẹ̀bẹ̀ ìdáríjì, bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ATF, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn, ló yẹ kó máa gba ìwé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1992 ni Congress ti ní wọn ò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ sí i, ilẹ̀kùn wà, kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. March 2025 ni wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ATF, wọ́n gbé e fún Attorney General, olórí ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, lóṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n dá ẹ̀tọ́ padà fún èèyàn mẹ́wàá, Mel Gibson òṣèré wà níbẹ̀, ẹjọ́ tiẹ̀ dẹ̀ jẹ́ ti ìjà inú ilé, kì í ṣe ti ṣẹ́ẹ̀kì. (Ẹ má bi mí.) Ẹ wá lọ́yà tó mọ ibi tíyẹn dé dúró kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó náwó lọ́yà rárá, ẹ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ yín, kẹ́ ẹ gba ìwé ìdájọ́. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ deferred adjudication síbẹ̀, ìyẹn ni pé adájọ́ dá ìdálẹ́bi dúró ná, ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe probation. Tó bá jẹ́ òun ni, tẹ́ ẹ dẹ̀ parí ẹ̀ láìsí wàhálà, Texas ò ka ìyẹn sí ìdálẹ́bi, ìjọba àpapọ̀ dẹ̀ máa ń tẹ̀ lé wọn níbẹ̀. (Ẹ̀yin oníwèé gíríìnì káàdì, tiyín yàtọ̀ o, ìmígíréṣọ̀n ka deferred sí ìdálẹ́bi.) Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.