Mo fi Ọlọ́hun búra pé mi ò ní jẹ iyán títí di ọjọ́ yìgì

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àfáà wa. Ilẹ́ṣà ni mò ń gbé. Yìgì mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, aṣọ tí mo rán ti ń fún mi, ni mo bá dín oúnjẹ kù. Màámi ò gbà. Ní Sátidé, wọ́n gúnyán, wọ́n gbé e ka iwájú mi pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Inú bí mi, mo ní, "Wàláhì, mi ò ní jẹ iyán mọ́ títí wọn ó fi so yìgì mi." Wọn ò fèsì, wọ́n kàn gbé àwo náà kúrò. Látọjọ́ náà, wọn ò pè mí síbi oúnjẹ mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀? Ṣé mo ṣì lè jẹ iyán báyìí?

ÌDÁHÙN: Wàálékúmú sàlámù, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí yìgì rẹ.

Dídín oúnjẹ kù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kò sí igbá tí ọmọ Ádámà kún tó burú ju ikùn rẹ̀ lọ. Òkèlè díẹ̀ tí yóò mú ẹ̀yìn rẹ̀ nàró ti tó o. Wọ́n gbé ẹran aṣálẹ̀ kan tó jọ alángbá síwájú Ànábì rí, wọ́n ti sun ún, kò sì jẹ ẹ́. Kò bú oúnjẹ náà, kò bú ẹni tó sè é. Ó kàn ní kò sí nílẹ̀ àwọn èèyàn òun, ọkàn òun ò fà sí i. Khalid ọmọ Walid, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, fà á sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀.

Ibi tó dùn mí ni ìbúra yẹn. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Bákárà, áyà 224, pé kí á má fi ìbúra wa sọ orúkọ Òun di ìdènà fún iṣẹ́ rere, ìbẹ̀rù Rẹ̀ àti àtúnṣe láàrin àwọn èèyàn. Ìwọ wá fi orúkọ Rẹ̀ dínà mọ́ ìyá rẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tí iyán jẹ́ nílé Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ọmọ tó máa tó kúrò nílé ni ìyá ń gúnyán fún. Bó ṣe ń gbé ọmọrí odó sókè, ọ̀sẹ̀ tó kù ló ń kà.

Nítorí náà, jẹ ẹ́. Ànábì ní ẹni tó bá búra, tó wá rí ohun tó dára ju èyí tó búra lé lórí, kó ṣe èyí tó dára, kó sì san ìtánràn. Ìtánràn náà wà nínú Súrà Máídà, áyà 89: kí o bọ́ aláìní mẹ́wàá nínú oúnjẹ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ẹ fi ń bọ́ ará ilé yín, tàbí kí o fún wọn láṣọ, tàbí kí o dá ẹrú sílẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká ìwọ̀nyí ló máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sáré síbi ààwẹ̀ yìí lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ìkẹyìn ló wà. Mo mọ̀ pé òun ló máa wù ọ́ nítorí aṣọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó rówó rán aṣọ yìgì máa rówó bọ́ ẹni mẹ́wàá.

Kí wá ni oúnjẹ ilé yín? Iyán mà ni. Lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ, tọrọ àforíjì, kí o sọ ọ̀rọ̀ ìtánràn yìí fún wọn. Ra iṣu lọ́jà Atakúnmọ̀sà, kí ẹ jọ gún un fún àwọn mẹ́wàá náà. Bí wọ́n bá fẹ́ bu tìrẹ, sọ fún wọn pé, "Màámi, ẹ bù ú kéré, aṣọ ló ń fún mi." Kí o wá jẹ ẹ́ níṣojú wọn.