Ọmọ Yorùbá tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Jamaica: àpótí wo la máa máàkì fún un?

Àǹtí kan tó ń gbé Lewisham ló béèrè, ẹ jẹ́ kí n gé ìbéèrè wọn kúrú: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀yà gan-an? Yorùbá ni mí, ará Jamaica ni bàbá ọmọ mi, London níbí la bí i sí. Iléèwé ẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n máàkì ethnic group ẹ̀. Mo wo gbogbo àpótí ibẹ̀, mi ò rí Yorùbá, African wà lọ́tọ̀, Caribbean wà lọ́tọ̀, wọ́n tún ní ẹyọ kan ṣoṣo ni kí n mú. Ṣé ọmọ mi ò lẹ́yà ni?"

Àǹtí mi, ọmọ yín lẹ́yà dáadáa. Nǹkan tí fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè gan-an yàtọ̀ sí ẹ̀yà, àwa la kàn fi ọ̀rọ̀ tiwa túmọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ẹ̀yà, inú "yà" ló ti jáde, nǹkan tó yà lára òmíì. Òun ló jẹ́ ká máa sọ pé ẹ̀yà ara: ọwọ́, ẹsẹ̀, etí, ara kan náà ló ni gbogbo wọn. Torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ̀yà Ìjẹ̀bú, ẹ̀yà Ẹ̀gbá, ẹ̀yà Èkìtì, odindi kan wà tí gbogbo wọn ti yà, kò sẹ́ni tó ń wo àwọ̀ ara kó tó mọ̀ ọ́n. Ìran ní tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀, látorí bàbá dé orí bàbá bàbá. Tí wọ́n bá sì fẹ́ mọ ẹni tó o jẹ́ nílé, ta ló máa bi ẹ́ pé kí lẹ̀yà ẹ? Wọ́n á ní ọmọ ta ni ẹ́, ará ibo ni ẹ́, agbo ilé wo? Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń bi ẹ́, kó tó bu omi fún ẹ ó ti fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Oníkòyí ni ẹ́ àbí ọmọ Olúfẹ̀, kó lè mọ oríkì tó máa kì ẹ́. Òyìnbó gan-an tá a rò pé White ló túmọ̀ sí, kò rí bẹ́ẹ̀ o, l'Ékòó wọ́n ń pe ará Ṣáínà ní òyìnbó, wọ́n ń pe ọmọ Nàìjíríà tó bá pupa fòò ní òyìnbó, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ sílé ńkọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo "òyìnbó ti dé!", ọmọ tó dúdú bí kóró iṣin.

Ẹ wá wo àpótí tiwọn, inú ìkànìyàn ìjọba ni iléèwé ti yá a. Láti 1801 nilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kànìyàn, àmọ́ 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbéèrè ethnic group sínú ẹ̀. Ní 1971, ibi tí wọ́n ti bí ìyá àti bàbá ẹ ni wọ́n béèrè. Nígbà tó di 1979 wọ́n lọ dán an wò ní Haringey, àwọn apá Tottenham àti Wood Green yẹn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n á fi sínú ti 1981, àwọn èèyàn ò dáhùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́ rárá. Òfin tuntun nípa ta ló lè jẹ́ ọmọ onílùú ni wọ́n ń sọ lọ́tùn-ún lósì nígbà yẹn, ìwọ náà rò ó wò, ẹni tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, kí ìjọba máa bi í léèrè ìran ẹ̀ lákòókò yẹn, kí ló máa rò ju pé wọ́n fẹ́ lé òun padà? Wọ́n yọ ìbéèrè náà. Ohun tó wá dá a padà ni pé òfin 1976 ti ní kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó ń fi àwọ̀ tàbí ìran dá èèyàn nù níbi iṣẹ́ àti nílé gbígbé, bẹ́ ò bá sì mọ iye èèyàn dúdú tó wà ládùúgbò, báwo lẹ ṣe fẹ́ fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ò gbà wọ́n síṣẹ́? Torí pé ọ̀rọ̀ ìyanjẹ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, kò bá oríkì wa tan rárá.

Bí wọ́n wá ṣe to àwọn àpótí náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ti 1991: White, Black Caribbean, Black African, Black Other, Indian, Pakistani, Bangladeshi, Chinese, lẹ́yìn náà àwọn yòókù. Àwọn kan lórúkọ àwọ̀, àwọn kan lórúkọ ìlú, àwa lorúkọ àwọ̀ àti odindi ilẹ̀ Áfíríkà pa pọ̀. White ò nílùú, Indian ò láwọ̀. Ní 2001 wọ́n fi Irish àti Mixed kún un, 2011 gbé Arab dé, 2021 gbé Roma dé (ìran kan ni o, kì í ṣe ìlú Róòmù), àpótí wá di 19. Ará Ṣáínà tó wà lọ́dọ̀ "àwọn yòókù" ní 2001, nígbà tó máa fi di 2011 wọ́n ti kó o sábẹ́ Asian, kò sì kúrò ní yàrá tó ń gbé.

Ọmọ yín wá ni ká mú rìn díẹ̀. Ní London, fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ní African tàbí Caribbean, ẹyọ kan. Ẹ gbé ọmọ kan náà lọ sí New York, nínú fọ́ọ̀mù 2020 tiwọn àpótí Black kan ṣoṣo ló wà, àyè ìkọ̀wé wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi Jamaican àti Nigerian ṣe àpẹẹrẹ síbẹ̀, ẹ lè kọ méjèèjì kẹ́ ẹ máa lọ, èèyàn sì lè mú ju àpótí kan lọ láti ọdún 2000. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Glasgow, nínú fọ́ọ̀mù Scotland ti 2022 African dá dúró gédégbé, Caribbean àti Black wà lápótí míì, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀ ò tiẹ̀ sí lábẹ́ Black mọ́. Ẹ gbé e lọ sí Salvador ní Brazil, àpótí márùn-ún ni, àwọ̀ ara ló pọ̀ jù níbẹ̀: funfun, dúdú, pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń pè ní parda, àwọn ará Éṣíà, àti àwọn onílẹ̀ àtijọ́. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń kọrin òrìṣà lédè wa! Nígbà ayé ẹrú ẹ̀wẹ̀, Nagô ni wọ́n ń kọ sára àwọn baba ńlá wọn nínú ìwé, ní Cuba wọ́n kọ Lucumí, ní Freetown wọ́n ní Aku torí ẹ kú yìí ẹ kú tọ̀hún tá a máa ń sọ. Ọ̀yọ́ ni ẹlòmíì nínú wọn, Ẹ̀gbá ni ẹlòmíì, akọ̀wé ò bèèrè ìyẹn. Àwa nílé ńkọ́? Sẹ́ńsọ́ọ̀sì 1963 béèrè ẹ̀yà, ti 1991 àti 2006 ò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn, torí ìjà tó máa ń bá a rìn. State of origin la mọ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

Ọmọ kan náà nìyẹn o, kò yí padà.

Kẹ́ ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Oṣù kẹta 2021, kòrónà ṣì ń jà, lẹ́tà ìkànìyàn dé, kóòdù wà nínú ẹ̀, a gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì kíṣìnì lálẹ́ ọjọ́ Sunday lẹ́yìn tá a jẹun tán. National identity ló kọ́kọ́ dé, ọmọ mi obìnrin ní British, bàbá ẹ̀ gbójú sókè, kò sọ nǹkan kan. Ethnic group dé, a mú African, ó ní ká kọ ìran wa síbẹ̀. Ọkọ mi kọ Nigerian. Èmi kọ Yoruba. Ọmọ mi ní "ẹ kọ nǹkan tó bá wù yín fún mi, mo ń lọ sùn." Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan náà, fọ́ọ̀mù ti sọ wá di onírúurú mẹ́ta, nígbà tí wọ́n sì ṣírò ẹ̀ tán, nínú àwọn èèyàn mílíọ̀nù 8.8 tó wà ní London, Black jẹ́ ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún, African jẹ́ 7.9, àwa, àwọn Sómálíà, àwọn Ghana, àwọn Kóńgò, gbogbo wa wà nínú 7.9 yẹn.

Ó dáa, kí lẹ máa wá kọ. Ti iléèwé rọrùn, òbí ló ń sọ ọ́, tẹ́ ò bá sì fẹ́ sọ ẹ lè kọ̀, wọn ò ní lé ọmọ. Ti ìkànìyàn ìjọba ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san tó £1,000, ìbéèrè ẹ̀sìn wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Tó bá jẹ́ èmi, "any other Black background" ni màá mú, màá wá kọ Yoruba and Jamaican síbẹ̀ tí àyè bá wà. Àwọn kan máa ń mú Mixed, kò burú, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé gbogbo Mixed tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ ló ní White nínú, "any other Mixed" nìkan ló kù fún yín, wọ́n lè ka ọmọ yín mọ́ ibi tẹ́ ò rò. Ẹ jẹ́ kí bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ ṣá. Mo mọ ilé kan tó jẹ́ pé ọdún kẹta ni ọkùnrin náà tó rí "African" nìkan lára ìwé ọmọ ẹ̀, ìyá tiẹ̀ pàápàá pè láti Kingston lọ́jọ́ yẹn.