Ẹ̀yin tí ẹ ní kó ra viola 17 íǹṣì, ẹ fara balẹ̀ ná

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní violin lo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá kúáyà wá ní kó o bọ́ sórí viola, ìbátan violin tó tóbi jù ú lọ tí ohùn rẹ̀ sì relẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń ta á. O fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka clef rẹ̀ (àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin tó ń sọ nótì tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan), ìwọ̀n èyí tó yẹ kó o rà, àti bóyá èèyàn lè fi í jẹun gẹ́gẹ́ bí adánìkanṣeré.

Ti clef kò le. Ìlà àárín ni middle C, ìyẹn C tó wà láàárín dùùrù. Jókòó tì í, ojú rẹ á mọ́ ọn.

Ti ìwọ̀n ni kó o jẹ́ ká sọ: gígùn ara pákó rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kò kan ọrùn. Mo rí ẹni tó dáhùn lókè yìí pé 17 íǹṣì ni kó o rà, pé "ibẹ̀ ni ohùn gidi wà." Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀gbẹ́ni ọ̀mọ̀ràn kan tó wá kọ́ wa nídanilẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yọ́ sọ fún mi. Ó wo viola 15½ tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Gbogbo kíláàsì bá a rẹ́rìn-ín.

Ohun tó sọ ní orí díẹ̀ o. Nótì márùn-ún ni viola fi relẹ̀ ju violin lọ: C, G, D, A ni okùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí pákó rẹ̀ tóbi tó bí ohùn yẹn ṣe relẹ̀, ó yẹ kó gùn tó violin kan ààbọ̀, èjìká ta ló fẹ́ gbé ìyẹn? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é kò fi fohùn ṣọ̀kan rí. Gbogbo violin àgbàlagbà kò jìnnà sí 14 íǹṣì, àmọ́ o máa rí viola 15, o máa rí 16, o máa rí 17 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lionel Tertis, ògbóǹtarìgì ará Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ràn viola ńlá jù, nígbà tó fẹ́ ya àwòṣe tirẹ̀, 16¾ ló fi mọ. Ọ̀mọ̀ràn wa ò sọ ìyẹn fún wa.

Màmá mi kó àjọ, a ra 17.

Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé mo sùn kọ. Abẹ́ egungun èjìká òsì ń ro mí, màmá mi ń fi òrí pa á. Nígbà tó yá, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí jìnnìjìnnì lóru, tí mo máa jí tí mo máa gbọn ọwọ́ nù kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni wọn ò wá tẹ okùn mọ́. Mo máa fi ìka kékeré sórí okùn C, mo máa wò ó, á wà níbẹ̀ lóòótọ́, nótì ò ní jáde. Tí mo bá ń bọ́tìnì aṣọ lọ́jọ́ Sunday, ẹlòmíì ló máa bá mi ṣe é.

Mo lọ sí ọsípítù. Dókítà ò fọwọ́ kan ọwọ́ mi. Ó ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n rí ibà, wọ́n rí táífọ́ọ̀dù, ta ni wọn ò ní í rí i lára rẹ̀ nílẹ̀ yìí? Mo lo oògùn tán, ọwọ́ wà bó ṣe wà. Mo lọ síbòmíì, wọ́n ya egungun ọrùn mi ní fọ́tò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n kọ oògùn ìrora tó dá inú mi lójú ọgbẹ́. Nígbà tí mo ní viola ni mò ń ta, dókítà náà ní, "Ṣé bíi gòjé yẹn?" ó sì ń bá ìwé tó ń kọ lọ. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ pé ayé ló gba ọwọ́ náà. A gbààwẹ̀ sí i.

Físíò kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló ní kí n gbé e wá, kí n ta á lójú òun. Orin ìyìn kan ni mo ta, mi ò tíì dé ẹsẹ kejì tó fi ní kí n dúró. Ó fi hàn mí: torí pé viola náà gùn, kí n tó lè dé okùn C, mo ń yí ìgbọ̀nwọ́ mi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá síwájú àyà. Iṣan kan gba ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ lọ sí ìka méjì yẹn, òun ni mò ń fà, lójoojúmọ́. Kò sí nínú gbogbo àwọn tí mo ti sanwó fún tẹ́lẹ̀ tó bi mí pé kí ni mò ń fi ọwọ́ ṣe. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ ṣe ìdánwò ìwọlé ní Èkó, mo wà nílé, mò ń fún bọ́ọ̀lù onírọ́bà.

Torí náà, kó o tó san kọ́bọ̀: gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, na ọwọ́ òsì. Ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ lè gba orí rẹ̀ tó lọ́ yẹn mọ́ra, kí ìgbọ̀nwọ́ sì ṣì tẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ìka lásán ló kàn án, gbé e padà fún wọn. Lẹ́yìn náà, fi ìka kékeré ta orí okùn C títí orin ìyìn kan á fi parí. Má sì gba íǹṣì tí wọ́n kọ sí i gbọ́: viola 16 méjì lè wà kí gígùn okùn wọn má dọ́gba.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ náà o. Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣojú ire sí pákó: èèkàn á máa yọ̀, etí rẹ̀ á là. Bó bá là, má jẹ́ kí káfíńtà fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ kàn án! Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe é, awọ ẹran ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè tú kí pákó tó fọ́. Ti káfíńtà kì í tú, pákó ló máa fọ́. Kánìnkànìn tútù nínú àpótí ọṣẹ tó o dá lu, inú kéèsì rẹ̀ ni kó o fi sí.

Bó o bá sì ń ronú físà, ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì lè bi ọ́ pé ṣebí violin àti viola ọ̀kan náà ni. Má bínú. Èmi bínú, wọn ò fún mi.

Ti adánìkanṣeré tó o bèèrè: wọn ò pọ̀, ní ibikíbi láyé. Paganini, ògbóǹtarìgì violin, ní kí Berlioz tó ń kọ orin kọ iṣẹ́ viola fún òun, nígbà tó rí i, ó ní ibi tí òun á ti dákẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ò ta á. Concerto (orin adánìkanṣeré pẹ̀lú ọ́kẹ́sírà) tí Walton, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ fún viola ní 1929, Tertis kọ̀ ọ́, Hindemith, òǹkọrin tó tún ń ta viola, ló gbà á ta. William Primrose, ọmọ Glasgow, violin lòun náà ń ta tẹ́lẹ̀ bíi tìrẹ. Inú quartet (ẹgbẹ́ olókùn mẹ́rin: violin méjì, viola, cello) ní London ló ti bọ́ sórí viola ní 1930, ó tún wọ ọ́kẹ́sírà ní Amẹ́ríkà, kó tó di ẹni tó lè ní kí Bartók, òǹkọrin ará Hungary, kọ concerto fún òun. Bartók kú ní 1945 láìparí rẹ̀, ẹlòmíì ló bá a parí ẹ, 1949 ni wọ́n tó gbọ́ ọ.

Inú ẹgbẹ́ kékeré lowó wà. Kò sí quartet tí kò ní viola, Èkó ò sì ní wọn tó. Ìgbéyàwó ń pè mí ju àwọn oníviolin tó mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ. Kọ́ ipa viola nínú African Suite tí Fela Sowande kọ ní 1944 (òǹkọrin ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1905), kọ́ concerto Brandenburg kẹfà ti Bach náà: viola méjì, kò sí violin kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o wò ná.

Wọn gígùn apá rẹ láti ọrùn dé àárín àtẹ́lẹwọ́, kọ ọ́ síbí, màá sọ èyí tó yẹ. Kí ẹni 17 íǹṣì náà bá wa kọ tirẹ̀, kó sì sọ ọdún tó ti ń ta á.