Òkúta tí Wọ́n Fẹ́ Fọ́ Lẹ́yìn Abúlé Wa

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa fi ẹ̀tù fọ́ òkúta lẹ́yìn abúlé wa. Àpáta náà kò jìnnà sí ilé ju kìlómítà kan lọ, odò tí à ń pọn sì ń ṣàn gba ìdí rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti fún Baálẹ̀ lówó obì, wọ́n ní ìjọba ti mọ̀ sí i. Ǹjẹ́ òfin kan wà tí a lè dì mú?
— Àgbẹ̀ kan, Ogbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Òfin wà, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ẹ béèrè kí ẹ̀rọ wọn tó wọlé. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní EIA, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè pa àyíká lára láìkọ́kọ́ yẹ ewu rẹ̀ wò. Ó tilẹ̀ dárúkọ òkúta fífọ́: bí ibẹ̀ kò bá jìnnà ju kìlómítà 3 sí ibi tí ènìyàn ń gbé, dandan ni àyẹ̀wò náà. Owó obì kò lè rọ́pò rẹ̀.

Kí ìjọba tó pinnu, òfin náà ní kí wọ́n fún ará ìlú láàyè láti sọ tẹnu wọn, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi máa ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ẹ wá ẹni tó lè kà á fún gbogbo abúlé. Ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ odò yín, àti kànga tí ẹ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ohun tó sọ nípa eruku tí yóò bà sórí òdòdó kajú àti máńgòrò, àti ògiri alámọ̀ tí ìró ẹ̀tù lè là. Ohun tí ìwé náà bá fò, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́.

Lóòótọ́, ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ẹgbẹ́ kan láyè láti pe ẹjọ́ nítorí epo tó ba odò jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Abia. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ti pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó débẹ̀, owó ìtanràn tí òfin EIA sì lè bù fún ilé-iṣẹ́ kò ju mílíọ̀nù kan náírà lọ, èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Nítorí náà, ẹ má dúró de ilé ẹjọ́. Ẹ kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ yìí sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Àbújá àti ní Ìbàdàn, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà, kí tọkùnrin tobìnrin abúlé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tí ẹ óò mú padà wálé.