Kí ni mo lè fi ṣe táǹkì ẹja lọ́ṣọ̀ọ́?

Ìbéèrè: Bàbá Ẹlẹ́ja, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi fẹ́ kó òkúta, ìkòkò amọ̀ kékeré, ìkarahun ìgbín àti owó bàbà àtijọ́ sínú táǹkì ẹja wa. Èwo ni kò ní pa wọ́n? — Ìyá Ṣèyí, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí owó bàbà yẹn kan omi. Bàbà máa ń yòrò díẹ̀díẹ̀, májèlé sì ni fún ẹja. Wáyà bàbà ni mo fi so ewéko mọ́ òkúta lọ́jọ́ kan. Kò pẹ́ tí ẹja mi mẹ́rin fi ń yọ ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Gbogbo wọn ló kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìkòkò amọ̀ dára, bí wọn ò bá ti kùn ún lọ́dà. Omi gbígbóná nìkan ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Amọ̀ máa ń fa ọṣẹ mu.

Òkúta ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn. Bó bá ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, òkúta ẹfun ni, yóò sọ omi di líle, ìyẹn ni pé ẹfun yóò pọ̀ nínú omi náà. Akọ òkúta, irú ti Ìdànrè, kì í hó. Ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ òkúta.

Bí ẹfun ni ìkarahun ìgbín náà rí. Epìyà lè fara dà á, ṣùgbọ́n ẹja tó fẹ́ omi rírọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀.