Ṣé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kàn wá? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Houston ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, ń kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà nílé ìwé ní sáà yìí, láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀dó títí dé ogun abẹ́lé. Olùkọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ jà. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní rárá o, ọ̀rọ̀ ẹrú ni. Ọmọ mi bi bàbá rẹ̀, ìyẹn ní kò kàn wá, pé ìjà àwọn onílé ni, iṣẹ́ la wá ṣe ní tiwa. Èmi náà ò lè dá sí i, torí Mungo Park àti Lander ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìtàn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Maryland ni èmi wà, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti kọjá kíláàsì yẹn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ogun. Ọmọ tí wọ́n bá ti 1861 bẹ̀rẹ̀ fún á rò pé àwọn èèyàn kan kàn ṣàdédé bínú síra wọn ni. Kóòtù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní Virginia, lọ́dún 1656.

Ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Jamestown dó ní Virginia. Ní 1619, ọkọ̀ ojú omi White Lion gbé àwọn ará Àǹgólà bí ogún dé etí òkun Virginia, àwọn tí wọ́n jà gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn Potogí. Wọ́n ń lò wọ́n bí ẹrú, ṣùgbọ́n òfin ò tíì là á mọ́lẹ̀ ohun tí ọmọ wọn yóò jẹ́. Elizabeth Key bá àyè yẹn wọlé. Ará Áfíríkà ni ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú títí ayé, ó pe ẹjọ́. Ó ní ọmọ bàbá òun lòun, òun sì ti ṣèrìbọmi. Ó jàre ní 1656 yẹn.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn aṣòfin Virginia ṣe. Ní 1662 wọ́n ní ipò ìyá ni ọmọ yóò máa jogún: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ, ẹni yòówù kí bàbá rẹ̀ jẹ́. Ní 1667 wọ́n ní ìrìbọmi kì í sọ ẹrú dòmìnira. Ọ̀nà méjèèjì tí Key gbà jáde ni wọ́n dí pa. Ẹ dúró níbí yìí dáadáa. Ẹrú wà nílẹ̀ tiwa náà, ẹ má fi bò fún un, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí fún ọmọ onílé, ọmọ ilé bàbá rẹ̀ ni. Ní Virginia, ọkùnrin lè bímọ, kó sì ta ọmọ náà, òfin á sì gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ọmọbìnrin mi, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀tẹ̀ tí Nathaniel Bacon dì sí gómìnà Virginia, 1676. Bacon kì í ṣe ẹni rere o. Ó fẹ́ kí wọ́n lé àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ lè kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń sìn bí ìwọ̀fà àti àwọn aláwọ̀ dúdú jọ gbé ìbọn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì dáná sun Jamestown. Nígbà tó fi di 1705, Virginia ti kó gbogbo òfin ẹrú jọ sójú kan, ìyàtọ̀ àárín òyìnbó tó ń sìn àti aláwọ̀ dúdú sì ti le bí òkúta.

Òmìnira 1776, ẹ lè yára kọjá níbẹ̀, ilé ìwé á kọ́ ọ yó. Ẹ kàn má fo òfin ìpìlẹ̀ 1787, tó ní bí wọ́n bá ń ka èèyàn láti pín àga ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ẹrú márùn-ún á dúró fún èèyàn mẹ́ta. Ẹrú ò dìbò, àmọ́ ó ń fi kún agbára ẹni tó dè é. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń ya kóró òwú dé ní 1793, òwú sì di owó ńlá. Ní 1860, ẹrú ilẹ̀ náà ti ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ wá kù. South Carolina, ní gúúsù, ló kọ́kọ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, 20 Oṣù Kejìlá 1860, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀sùn ńlá inú ìwé náà ni pé àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ń ṣe òfin tiwọn láti má dá ẹrú tó sá padà. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń jà fún ń bínú pé ìpínlẹ̀ ẹlòmíì lo ẹ̀tọ́ tirẹ̀! Ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín gúúsù àti àríwá ní Oṣù Kẹrin 1861, ó sì pa ju 600,000 ọmọ ogun lọ.

Ti bàbá wọn tó ní kò kàn wá: lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ wó, Brazil àti Cuba ni wọ́n bá lọ, torí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Ṣùgbọ́n ní 1860 kan náà, ọkọ̀ Clotilda yọ́ gbé èèyàn bí 110 láti Ouidah dé Mobile, ní Alabama. Púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ èdè wa. Ọ̀kan ni Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Ọmọ ogun Dahomey ló kó o nílùú rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọn ò rówó wọkọ̀ padà sílé, ni wọ́n bá ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Ọdún 1935 ni Kossola kú. Ọmọ yín á bèèrè ẹni tó tà wọ́n. Ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí.

Ẹ̀yin sì súnmọ́ Galveston, níbi tí wọ́n ti kéde òmìnira fún àwọn ẹrú Texas ní 19 Oṣù Kẹfà 1865. Ẹ mú un lọ.

Ẹ má bá olùkọ́ yẹn jà. Kí ọmọ tẹ ìwé South Carolina jáde, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹrú, kó mú un lọ sí kíláàsì, kó sì fọ̀wọ̀ bèèrè ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ń sọ.