Ìdáhùn fún Àlàájì tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú lọ jẹ oúnjẹ àwọn ará Éṣíà ní Lọ́ńdọ̀nù

Àlàájì wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ ní àbíkẹ́yìn yín fẹ́ mú ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ kan tó wà lókè ilé ìtajà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ Jàpáàn, Ṣáínà, Tàílándì àti Kòríà pọ̀ lójú kan, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí kì í mu ọtí, lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ẹ óò rí i jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní irú ibẹ̀, nítorí pé àìbéèrè ló kó bá mi, kì í ṣe oúnjẹ náà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni mí, níbi tí a ti ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sì ni mí pẹ̀lú. Mo fi ọgbọ̀n ọdún sọ fún àwọn ọmọ pé kí ẹni tí nǹkan kò bá yé nawọ́ sókè, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé ìwé oúnjẹ síwájú mi lọ́jọ́ náà, ojú tì mí láti nawọ́. N kò ní dárúkọ ilé ìtajà ọ̀hún. Irú wọn ti pẹ́ ní ìlú yẹn. Selfridges ti wà ní òpópónà Oxford láti ọdún 1909. Ní Jàpáàn, òkè pátápátá ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn ilé oúnjẹ sí nínú ilé ìtajà, kí ẹni tó bá jẹun yó lè gba àárín ọjà sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ́n náà mú wa dáadáa: ìyàwó mi ra lọ́fínńdà kan nígbà tí a ń bọ̀.

Bí a ṣe jókòó báyìí, wọ́n bi wá bóyá omi tó ń hó bí ẹlẹ́rìndòdò la fẹ́ tàbí èyí tí kì í hó. Mo ní èyí tí kì í hó, wọ́n sì gbé omi inú ìgò wá, pọ́n-ùn 6 ní ìgò kan, a sì mu ìgò mẹ́ta. Lẹ́yìn tí a ti sanwó tán ni mo mọ̀ pé láti ọdún 2010, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ibikíbi tó bá gba ìwé àṣẹ láti ta ọtí fún mímu níbẹ̀ máa fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá ti béèrè. Omi ẹ̀rọ ni kí ẹ dárúkọ.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, ohun tí ẹ óò ṣọ́ jù ni àwọn ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi di ẹran sínú, tí wọ́n sì fi ooru sè bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn, kódà èyí tí wọ́n pè ní ti edé sábà máa ń ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀. Ọtí sì ń fara pamọ́ sínú ọbẹ̀: mirin, ọtí ìrẹsì dídùn tí wọ́n fi ń mú ẹran dán nínú ọbẹ̀ Jàpáàn tí wọ́n ń pè ní teriyaki, lè ní ọtí tó tó ìdá 14 nínú 100. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ní kí wọ́n lè sọ fún oníbàárà bí ohun mẹ́rìnlá tó máa ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu, irú bí edé, ẹ̀pà, ẹyin àti yànmọ̀tí, bá wà nínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí kò sí lára mẹ́rìnlá náà. Ẹnu yín ni yóò gbà yín. Ẹ béèrè bóyá ẹran wọn jẹ́ halal pẹ̀lú, pàápàá pẹ́pẹ́yẹ wọn, tí awọ rẹ̀ ń ró wárawàra lẹ́nu, tí wọ́n ń fi àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká mọ́ àlùbọ́sà eléwé àti kùkúḿbà. Òun nìkan ni mo tún lè torí rẹ̀ padà lọ.

Ẹja tútù ńkọ́? Ó bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹja tí wọn yóò jẹ láìsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì nínú yìnyín kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ohun kan tó láwọ̀ ewé, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ rọra, ata ni." Mo ní ata wo ni wọ́n fẹ́ fi han ẹni tí ata rodo wò dàgbà? Mo gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Àlàájì, ata tiwa máa ń jó ahọ́n, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n wasabi kò bá ahọ́n sọ̀rọ̀ rárá. Imú ló gbà lọ sí àtàrí, nítorí pé títa rẹ̀ ń fò bí èéfín. Omi bọ́ lójú mi bí ẹni tó ń ṣòfò. Kí n tó gbé ife omi mì, ó ti lọ. Ìdààmú yẹn ni mo wà tí mo fi gún igi ìjẹun méjèèjì ní òòró sínú abọ́ ìrẹsì, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa sì rọra yọ wọ́n, ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ìrẹsì òkú ni wọ́n ń gún igi sí bẹ́ẹ̀ ní Jàpáàn. Ó dà bí ìgbà tí àlejò fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nílé wa.

Ohun tó tù mí nínú ni ọbẹ̀ miso. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kà ni wọ́n fi ṣe é, bí ó sì ti kan ahọ́n mi ni mo ti rántí irú. Wọ́n tún ní ẹ̀wà mìíràn tó ń fà, tí wọ́n ń pè ní natto. Irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú irú wa kà náà ló ń mú òun náà kà.

Iye owó àwa mẹ́rin jẹ́ pọ́n-ùn 286, wọ́n sì fi ìdá 12.5 nínú 100 lé e fún iṣẹ́ ìgbóúnjẹ, ó wá di 321.75. Ẹ má fi náírà ṣírò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lórí àga. Àfikún náà kì í ṣe dandan bí wọ́n bá kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé owó. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Èmi kì bá tí yọ ọ́, nítorí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn, òfin sì ti sọ láti oṣù kẹwàá 2024 pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń san. Bí ọmọ yín kò bá tíì gba tábìlì, ẹ ní kó wo oúnjẹ ọ̀sán, nítorí iye rẹ̀ sábà máa ń rọjú ju ti alẹ́ lọ.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wasabi, atalẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n rẹ sínú fínígà àti ṣúgà, tí wọ́n fi ń fọ ẹnu láàárín ẹja kan sí òmíràn. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tí ẹ ní láti bẹ̀rù. Gari ni àwọn ará Jàpáàn ń pè é. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ gbọ́ o, wọ́n ní gàrí wà." Ìgbà yẹn ni mo tó nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà, tí mo béèrè bóyá wọ́n lè bá wa bu díẹ̀ sí i wá. Wọ́n gbé e wá, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.